Irin Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́

1.

…torí náà mo dá irin náà padà. Mo ní kí Màámi sọ fún un pé mo ní tèmi nílé.

Mi ò ní.


2.

Ohun tó wà nínú ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé:

— ọkọ̀ dúdú kan, ọlọ́lá àná. Bàbá mi fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wà á fún ọ̀gá kan. Nígbà tí ọ̀gá yẹn kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ náà ta Bàbá mi lọ́rẹ. Nígbà tí Bàbá mi kú, ọkọ̀ ò kú.
— rédíétọ̀ tí mo ti tú kúrò, tó ń tọ omi aláwọ̀ ewé sórí sìmẹ́ńtì.
— bẹ́líìtì tuntun nínú ọ̀rá. Kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀ wá bá.
— ìgò kékeré oje funfun, irú èyí tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ nínú ìwé. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti mú un wá. Atẹ̀wé ni mí.
— bátìrì, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Òun ni wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ tú.
— èmi.


3.

Ta ló kọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí àdúgbò yìí kan náà. Mo ń bá a ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tó wojú oníbàárà kan, tó ní, "Ẹ má jẹ́ kí èyí fọwọ́ kan ọkọ̀ yín o."

Èyí. Èmi ọmọ ìyá rẹ̀.

Oníbàárà yẹn rẹ́rìn-ín. Mo gbé sípánà kalẹ̀, mo nu ọwọ́ mi, mo lọ kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láti ọjọ́ náà, "ó" ni mo ń pè é. "Wọ́n" ti tán lẹ́nu mi.

Àwọn mẹkáníìkì tó kù ńkọ́? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Tí mo bá yọjú sí ọ̀kan láàárọ̀, ó ti dé etí rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.


4.

Fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, bíi onílé mi:

Ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ tó ń ti písítìn lọ sókè. Ọ̀pá wà lókè náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tó ń ṣí fáàfù tó sì ń pa á dé. Táímìn-bẹ́líìtì, rọ́bà gbọọrọ eléyín, ló so gbogbo wọn pọ̀, kí kálukú lè mọ àsìkò ẹnìkejì. Kí ó fò ní eyín kan péré, písítìn á gòkè bá fáàfù níbi tí kò yẹ kó wà. Tí wọ́n bá ti kọlu ara wọn, ó parí.

Bẹ́líìtì ti tẹ́lẹ̀ ti là káàkiri. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo ti gbé ọkọ̀ náà sórí jáàkì láti ọjọ́ Ẹtì.


5.

ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO AYÁLÉGBÉ

ỌKỌ̀ TÍ KÒ RÌN KÒ GBỌDỌ̀ SÙN NÍNÚ ỌGBÀ YÌÍ MỌ́.
TÓ BÁ DI ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA, A Ó FÀ Á LỌ.
                                        — ONÍLÉ

(Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Onílé fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi dáadáa. Mo jẹ́ kó tóbi. Ó ní, "Kò sí tìẹ níbẹ̀ o, àdúgbò lápapọ̀ ni mò ń bá wí." Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọgbà.)


6.

MÀÁMI: Àbígbẹ̀yìn.
ÈMI: Mà.
MÀÁMI: Ọ̀la ni ọsibítù o.
ÈMI: Mo mọ̀, mà.
MÀÁMI: Mo kàn ń rán ẹ létí ni. Ìgbà tó o fi dá irin yẹn padà, ẹ̀gbọ́n ẹ ò bínú.
ÈMI: Kí ló wí?
MÀÁMI: Ó ní ọwọ́ ẹ dáa. Pé o ò kàn ní sùúrù ni.
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi? Ọwọ́ tèmi?
MÀÁMI: Ó ní kí n kí ẹ.
ÈMI: (Mo yíjú sí ẹ́ńjìnnì.)
MÀÁMI: Kíkí kì í ṣe èébú, ọmọ yìí. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.
ÈMI: Ọ̀bẹ tibí máa gbẹ́ ẹ, mà.
MÀÁMI: Agídí bàbá ẹ. Gbogbo rẹ̀ pátá ló kó fún ẹ, kò ṣẹ́ kù fún ẹnì kankan.


7.

(Èyí ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ má bínú, orí mi ò pé lónìí.)

Kíndìnrín Màámi ti dákẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á dè é mọ́ ẹ̀rọ kan ní ọsibítù, ẹ̀rọ náà á fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á dá a padà sí i lára. Tí kò bá lọ, omi á dúró sí i nínú. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń wú. Lẹ́yìn náà, ojú. Lẹ́yìn ojú, èémí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, kò lọ. Ọkọ̀ wà lórí jáàkì.

Bọ́ọ̀sì? A gbìyànjú rẹ̀. Ó dákú mọ́ obìnrin kan lórí. Takisí? Onítakisí tó gbé e lẹ́ẹ̀kan, tí Màámi bì sí i lọ́kọ̀, kì í dúró lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá jókòó lóòró, kì í lè mí. Àga ẹ̀yìn ọkọ̀ dúdú yìí ní bọ́tìnì kan, tó o bá tẹ̀ ẹ́, á sùn sẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ìyẹn nìkan ni kì í ni Màámi lára. Igun ọ̀gá ló máa ń jókòó sí, á na ọrùn bí ìyàwó olówó, á máa juwọ́ sí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí.


8.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọkọ̀ mẹ́ta. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ má sọ ọ́.


9.

Mo ti sọ fún Màámi rí pé kó pè é kó wá gbé e. Ọlọ́run gbọ́, mo sọ ọ́, ó sì dùn mí bí ìgbà tí wọ́n ń fa eyín mi. Màámi ní òun ò ní gun ọkọ̀ ọmọ kan kí òun fi ti èkejì sílẹ̀. "Ọkọ̀ bàbá yín ni mo ń gùn. Ọjọ́ tí ẹ bá jọ wá gbé mi, mo máa gun èyí tó bá wù yín."

Ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní òun ò ní tẹ ọgbà yìí àfi tí mo bá wá dọ̀bálẹ̀.

Èmi náà sì ní—

Ẹ ti mọ̀.


10.

ÌWÉ NÍ: Má ṣe yọ bẹ́líìtì láìfi irin ìdìmú de ọ̀pá òkè méjèèjì.

Ẹ̀GBỌ́N MÁA Ń NÍ: Irin yìí ni ìyá iṣẹ́. Ẹni tí ò bá ní in, kó lọ máa ta búrẹ́dì.

(Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ irin náà. Ó pẹlẹbẹ, ó ní ihò méjì, ó máa ń gbé e kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.)

MO NÍ: Mo máa fi oje funfun sàmì síbi tí gbogbo nǹkan wà. Mo máa fi ìdìmú tí a fi ń tẹ pépà mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń gé e di ọ̀pá òkè mú. Bó ṣe wà ni mo ṣe máa dá a padà. Ṣé ó le ni?


11.

Báàgì Màámi ti wúwo láti àná. Mo gbé e kúrò lórí àga, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Mo bi í pé kí ló kó síbẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ orí mi."


12.

                    kẹ́ṣẹ́


13.

Ìdìmú ti apá òsì ló yọ̀. Bẹ́líìtì ti wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pá òkè sì fò, díẹ̀ báyìí. Mo fi ọwọ́ yí i padà. Mo wá àmì funfun tí mo ṣe. Ọ́ìlì ti kàn án. Ó ti ṣàn di ìlà gbọọrọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ àmì, òpin rẹ̀ náà lè jẹ́ àmì.

Mo mú ìbẹ̀rẹ̀.

Mi ò mọ ìdí. Mo kàn mú un ni.


14.

Ohun tí ìyàwó télọ̀ tó ń gbé lókè ń sọ fún onílé lórí fóònù, tí mo gbọ́ láti ojú fèrèsé, tàbí tí mo rò pé mo gbọ́:

"Ó wà níbẹ̀, sà. Ó ń bá mọ́tò sọ̀rọ̀. Rárá, kò bínú. Ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ojú ìyá yẹn ti wú o, sà. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé yẹn sílẹ̀ ná."


15.

Ìṣẹ́gun. Àárọ̀. Bẹ́líìtì tuntun ti wà níbẹ̀, ó le dáadáa, ó rẹwà.

Kéèyàn tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ọwọ́ ni a máa ń kọ́kọ́ fi yí ẹ́ńjìnnì, ní odidi ìyípo méjì, pẹ̀lú sípánà gígùn. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi tí mo bá ń yí i, nígbà tí a ṣì jẹ́ èèyàn ara wa. "Fi ọwọ́ gbọ́ ọ. Tó bá kọ̀, jẹ́ kó kọ̀. Má fi agbára bẹ̀ ẹ́."

Ìyípo kìíní: ó lọ. Ó lọ wẹ́rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín sókè, ẹyẹ fò lórí ògiri.

Ìyípo kejì:


16.

Ó kọ̀.


17.

Mo fi agbára bẹ̀ ẹ́.


18.

Nǹkan kan tẹ̀ nínú ibẹ̀. Etí mi ò gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ló gbọ́ ọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, bíi tọmọdé tó sọ nù.


19.

Màámi jáde. Ó ti wọ aṣọ ọsibítù rẹ̀, ó ti fín lọ́fínńdà sára. Bàtà ò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó fà á bíi sálúbàtà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó sí igun ọ̀gá, ó gbé báàgì lé itan. Ó tẹ bọ́tìnì.

MÀÁMI: Àga yìí ò sùn.
ÈMI: Bátìrì ò sí níbẹ̀, mà.
MÀÁMI: Kò burú. Mo lè jókòó.

Kò lè jókòó. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ láti iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.


20.

Àtẹ̀jíṣẹ́:

~~Ẹ̀gbọ́n mi~~
~~O wà níbẹ̀~~
~~Ṣé inú yín ti dùn báyìí~~
Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún fi irin yẹn ránṣẹ́. Mo bẹ̀ yín. ✓

Èsì:

Irin wo?


21.

ÈMI: Màámi, ẹ̀gbọ́n mi ní irin wo.
MÀÁMI: (Ó fa báàgì mọ́ra.)
ÈMI: Màámi.
MÀÁMI: Kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. Orí ìṣó ni mo ti mú un. Ìwọ lò ń ráhùn irin, irin, láti ọjọ́ Ẹtì, ṣé mi ò létí ni?
ÈMI: Ẹ ní ó rán yín.
MÀÁMI: Ì bá rán mi, ká ní ó mọ̀.
ÈMI: Ẹ ní ó ní ọwọ́ mi dáa.
MÀÁMI: Ọwọ́ ẹ dáa.
ÈMI: Ẹ ní ó kí mi!
MÀÁMI: Èmi ni mo bí òun. Ṣé ẹnu mi ò tó kí ẹ fún un ni?
ÈMI: Irin náà dà? Ẹ sọ pé ẹ ti dá a padà.
MÀÁMI: Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?

Ó ṣí báàgì. Ó wà níbẹ̀, nínú tówẹ̀lì, pẹ̀lú káàdì ọsibítù rẹ̀ àti bisikíìtì tí kò gbọdọ̀ jẹ.

MÀÁMI: Mo ní bóyá wàá tún béèrè rẹ̀. Mo ní tó o bá béèrè, ìwọ fúnra ẹ lo máa lọ dá a padà fún un.


22.

Mo gbé irin náà sórí ọ̀pá òkè. Ihò kìíní wọlé pẹ́ẹ́. Ihò kejì kò wọlé.

Eyín kan ló fi jìnnà. Òpin ìlà funfun yẹn ni àmì.


23.

Àtẹ̀jíṣẹ́:

Ta nìyí?

(Kò ní nọ́ńbà mi. Ó ti yọ ọ́ kúrò. Tirẹ̀ ò kúrò lórí fóònù mi rí. Orúkọ tí mo fi pa á mọ́ ni ÈYÍ.)

~~Èmi ni. Àbúrò yín~~
~~Màámi ò lè mí dáadáa, ẹ jọ̀ọ́ ẹ~~
Ẹ má bínú, sà. Mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni. ✓

Kò sí wàhálà.


24.

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tútù kìíní tó bá mi sọ láti ọjọ́ oníbàárà yẹn. Ó dára lẹ́nu rẹ̀. Àjèjì ló sọ ọ́ fún.


25.

MÀÁMI: Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́? Kí ló wí?

Mo wò ó. Ó ti yọ bàtà. Ó ti fi orí ti gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnì tí kò ṣiṣẹ́. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ náà wà níbẹ̀.

ÈMI: Wọ́n ní àwọn ń bọ̀.
MÀÁMI: Nísinsìnyí?
ÈMI: Wọ́n ní wọ́n ti wà lọ́nà. Wọ́n ní kí n kí yín.
MÀÁMI: Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé mi ò sọ fún ẹ?

Mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo jókòó tì í. Ó gbé báàgì padà lé itan. Àwa méjèèjì ń wo géètì.