Agbẹjọ́rò Tí Ìyá Olóhùn Pa

Ẹni tó bá ní irọ́ kò lẹ́sẹ̀, kò tíì dé ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ yẹn rí ni. Irọ́ tí Ìyá Olóhùn pa níbẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó wọ bàtà sí i, ó sì rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó fẹsẹ̀ kọ.

Yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ wà lẹ́yìn káńtà, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Màdáámù tó ni ilé-iṣẹ́ wà níwájú, ó ń gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Àwọn obìnrin mẹ́rin wà lẹ́yìn, nínú ooru omi tí áyọ́ọ̀nù ń tú jáde. Ọ̀gá wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ọrùn-Ẹ̀wù, torí kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń lọ ọrùn ẹ̀wù bíi tirẹ̀. Ẹlẹ́kún ni ìkejì, omijé rẹ̀ kì í jìnnà sójú. Ìkẹta ni Ìyàwó, kò tíì pẹ́ tó wọlé ọkọ. Ìyá Olóhùn ló dàgbà jù nínú wọn, ohùn rẹ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá kí ọ lásán láàárọ̀, wàá rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ joyè ni.

Nígbà tí ìdúró bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀yìn Ìyá Olóhùn láàmú, Ọrùn-Ẹ̀wù ló dá a lábàá. "Ẹ jókòó sórí àpótí yẹn, ẹ máa kàwé fún wa. Àwa á pín aṣọ yín lọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Màdáámù nìkan ni kò gbọdọ̀ mọ̀, torí orin tirẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: òun ò gba ẹnikẹ́ni láti wá jókòó. Bí wọ́n bá ti gbọ́ bàtà rẹ̀, kó, kó, kó, Ìyá Olóhùn á ju ìwé sínú apẹ̀rẹ̀, á fò dìde, á di áyọ́ọ̀nù mú bí ẹni tó ti wà nídìí ẹ̀ láti àárọ̀.

Ìwé náà nípọn. Ìtàn opó kan ni, tó ń fi yàrá ilé rẹ̀ gba àlejò, àti agbẹjọ́rò kan tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, onígbéraga paraku. Àwọn obìnrin náà fẹ́ràn ìwé yìí ju oorun lọ.

Àfi bí ojú Ìyá Olóhùn ṣe dédé yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́tà inú ìwé di èèrà, èèrà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ra awò ojú fún un, ó ń fi rí ojú èèyàn nílé, lẹ́tà ìwé ló ṣì kéré jù fún un. Níbi iṣẹ́ wá ńkọ́? Bó bá ti gbé e wọjú, ooru á bò ó, á wá máa wo ayé bí ẹni tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ṣebí torí ìwé tó ń kà ni wọ́n ṣe ń bá a lọ aṣọ. Bí kò bá lè kàwé mọ́, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi òun ṣe?

Ló bá pa á mọ́ra. Ó di ìwé mú, ó ń ṣí i ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń sọ ìtàn láti inú ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi irọ́ kékeré dán ẹnu wò: ó ní opó náà ra ẹṣin. Wọ́n gba ẹṣin. Ó ní ẹṣin náà bí ọmọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò yẹn wá di ẹrù sí i lọ́rùn, torí kò rántí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìtàn mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀yìn ń ro ó, inú ń bí i, ó tì í lulẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, ó kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Ẹlẹ́kún sunkún títí tí kò fi rí ibi tó ń lọ̀ mọ́, Ìyàwó ò sì lè jẹun ọ̀sán.

Ohun kan ni ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Gbogbo wọn ń gbọ́ ìtàn lójoojúmọ́, Ìyá Olóhùn nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń ṣe é bí ẹni tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé, tí ebi sì ń pa òun fúnra rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí opó yẹn ní tòótọ́? Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló ṣàkíyèsí. "Màmá, ẹ ò kàwé nílé mọ́." Kò dúró gbọ́ àwáwí, ó fà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ lẹ́nu bí àtẹ. "Màmá, tábúlẹ́ẹ̀tì yìí ni kẹ́ ẹ mú. Ó ń ya fọ́tò, ó ń fi fíìmù hàn, ẹ lè fi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ máa rí ojú rẹ̀."

"Ọmọ mi ló dúró tì mí yìí. Mò ń rí ojú rẹ̀."

Ó gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé. Ó rí ojú ara rẹ̀ nínú ẹ̀, ó rí gílóòbù òkè àjà, ó rí eyín ọlọ́jà, kò rí ìwé. Ó sì wúwo. "Gbà, ọmọ mi," ló wí. "Dígí wà nílé mi. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ńkọ́?"

Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín ìtìjú, bí ẹni tí wọ́n bá àkísà lọ́jà rẹ̀. "Ẹ̀rọ ìkàwé nìyẹn, màmá. Kò ṣe nǹkan kan o. Ìwé nìkan ló wà fún. Kò láwọ̀, kò kọrin, ìpè ò lè wọlé sórí ẹ̀."

"Kò kọrin? Ìpè ò wọlé? Gbé e wá kíákíá!"

Ó gbé e sínú oòrùn, lẹ́tà jókòó jẹ́ẹ́ lójú ẹ̀ bí ẹni pé orí bébà ló wà. Wọ́n kéré, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ó wá béèrè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "Ṣé wọ́n lè tóbi?" Ọmọkùnrin náà tẹ ibì kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ń wú, ó ń wú, títí ọ̀rọ̀ kan fi dúró gbọnyin níwájú rẹ̀, tó tóbi bíi bọ́tìnnì kóòtù. Ọ̀rọ̀ lásán ni: *àti*. Ìyá Olóhùn kà á. Ó tún un kà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀rù ba ọlọ́jà. "Màmá, ẹ má sunkún. A máa yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀."

"Ẹ yọ ọ́," ni ọmọ rẹ̀ yára wí, kí ọlọ́jà tó yí ọkàn padà.

Ọmọ náà fi ìwé opó sínú ẹ̀rọ, ó sọ lẹ́tà di ńlá, ó sì ṣí i sí àárín kí ìyá rẹ̀ lè rí bó ṣe rí. Ọgbọ́n tí Ìyá Olóhùn wá dá rèé: òun á gbé ẹ̀rọ dání níbi iṣẹ́, òun á ṣì máa bá irọ́ lọ. Bó bá dilé, òun á fara balẹ̀ ka òótọ́, òun á wá wá ibi tí òun lè ti so ó mọ́ irọ́. Ọgbọ́n náà dára. Ẹnu ló bà á jẹ́.

Torí nígbà tó jókòó lórí àpótí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó tan ẹ̀rọ, tí lẹ́tà yọ sí i gbàǹgbà nínú ooru, láìsí awò, láìsí èèrà, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹnu sáré ṣáájú ọpọlọ. Ó fi ohùn tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kà á:

"'Agbẹjọ́rò ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé, ó bọ́ fìlà, ó ní, Ṣé tíì ṣì kù?'"

Áyọ́ọ̀nù mẹ́ta dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

"Agbẹjọ́rò wo?" Ọrùn-Ẹ̀wù béèrè.

"Yéè!" Ẹlẹ́kún di orí mú. "Ẹni tá a sin! Mo sunkún ẹ̀ tán pátápátá!"

"Ẹ fara balẹ̀," ni Ìyá Olóhùn wí, òógùn ti bò ó. "Òun kọ́. Ìbejì rẹ̀ ni."

"Ìbejì tí kò wá síbi ìsìnkú ẹnìkejì rẹ̀, tíì ló wá mu?"

"Ẹ̀rọ yìí ni," ni Ìyàwó wí. "Ayédèrú ni wọ́n tà fún yín, màmá. Ìwé inú ẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Ojúlówó wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Kí Ìyá Olóhùn tó lè ní rárá, Ọrùn-Ẹ̀wù ti fa ìwé àtijọ́ náà yọ, ó ti gbé e fún Ìyàwó. "Bá wa wá ìsìnkú yẹn. Ká kà á sétí ẹ̀rọ onírọ́ yìí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ìyàwó ṣí ewé síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. Ó fìka tọ ìlà lọ, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá gbójú sókè. "Kò kú o. Kò tilẹ̀ ṣubú. Kò sí ìsìnkú kankan níbí."

Gbogbo ojú yí sí orí àpótí. Ìyá Olóhùn rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. "Èmi ni mo pa á," ló wí. "Ojú mi ni kò ríran mọ́. Mi ò lè ka nǹkan kan nínú ìwé yẹn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí opó ti ra ẹṣin."

"Ẹṣin ńkọ́?" Ẹlẹ́kún béèrè, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Kò sí ẹṣin."

"Ọmọ ẹṣin ńkọ́?"

"Ẹlẹ́kún, bí kò bá sí ẹṣin, níbo lọmọ ẹ̀ fẹ́ gbà wá?" ni Ọrùn-Ẹ̀wù jágbe mọ́ ọn. Ó wá kọjú sí Ìyá Olóhùn, kò sì pariwo mọ́. "Irọ́ kọ́ ló dùn mí. Gbogbo aṣọ yín là ń gbé lé tiwa lójoojúmọ́, ẹ ò wá lè sọ fún wa pé ojú ń dùn yín? Ta lẹ pè wá?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé ẹ ò ní nílò mi mọ́."

"Ẹ dìde níbẹ̀."

Ìyá Olóhùn dìde. Kò janpata. Ó gbé ẹ̀rọ fún Ìyàwó, ó lọ sídìí tábìlì rẹ̀, ó tẹ́ ẹ̀wù funfun kan, ó sì di áyọ́ọ̀nù mú. Ẹ̀yìn ti ń ro ó, ṣùgbọ́n ohun tó ń dun Ọrùn-Ẹ̀wù ju ìrora ẹ̀yìn lọ. Ó mọ̀ pé ẹjọ́ òun ni.

Ìyàwó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀gbọ́n opó, ọkùnrin gàgàrà kan, dé sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kóńdó. Ó ti gbọ́ pé ọkùnrin kan ń fẹ́ àbúrò òun ní bòókẹ́lẹ́. Opó ti agbẹjọ́rò sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. "Ta ló wà nílé ìdáná?" ni ẹ̀gbọ́n bi í. "Kò sẹ́nì kankan," ni opó fèsì. Ìyẹ̀fun sì ń ta agbẹjọ́rò ní imú. Imú rẹ̀ ń yún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dí i.

Ìyá Olóhùn ti gbàgbé ẹ̀yìn. Ó gbàgbé ìtìjú, ó gbàgbé ibi tó wà. Wọ́n ń fẹ́ra wọn! Agbẹjọ́rò tí òun tì lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, òun ni opó ń fẹ́! Ó ya ẹnu, ó na ọrùn, áyọ́ọ̀nù sì dúró sójú kan lórí ẹ̀wù. "Ẹ̀n-ẹ́n? Máa kà á lọ! Ṣé ó sín?"

"Iná!" Ẹlẹ́kún kígbe. "Ẹ̀wù ń jó!"

Ọrùn-Ẹ̀wù já áyọ́ọ̀nù gbà. Àyà ẹ̀wù ti dúdú, òórùn rẹ̀ ti gba yàrá kan. Wọ́n gbọ́ bàtà: kó, kó, kó. Kò sí ẹni tó rántí dìde lórí àpótí, kò sí ẹni tó rántí fi ẹ̀rọ pamọ́.

Màdáámù dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló jó ẹ̀wù oníbàárà?"

Ìyá Olóhùn la ẹnu láti ní òun ni. Ọrùn-Ẹ̀wù bọ́ síwájú rẹ̀, ó fi ìdí tì í sẹ́yìn. Ó wá ohun tó máa sọ, kò rí i, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Agbẹjọ́rò ni, mà."

Màdáámù wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èwo? Èyí tẹ́ ẹ ti sin?"

Ẹnu yà wọ́n, kò lè padé.

"Ṣé ẹ rò pé ilẹ̀kùn pákó lásán yìí nípọn tó bẹ́ẹ̀ ni? Ọjọ́ tó kú, mo sunkún nídìí káńtà débi pé oníbàárà bá mi kẹ́dùn. Ó ní kí Ọlọ́run tu ilé nínú. Mo ní àmín! Ó wá jí dìde lónìí, kò sẹ́ni tó pè mí?" Ó fẹsẹ̀ fa apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí kan súnmọ́ra, ó jókòó lé e. "Ìyàwó, dìde. Ò ń kàwé bí ẹni ń ka àkọlé ìgò oògùn. Màmá, ẹ padà sórí àpótí yín. Ẹ máa san ẹ̀wù yẹn díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó sín àbí kò sín?"

Ìyá Olóhùn wo Ọrùn-Ẹ̀wù. Ọrùn-Ẹ̀wù gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ìyàwó, ó gbé e lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí gbogbo wa máa rí i," ló wí. "A ò fẹ́ ẹṣin mọ́."

"Èmi fẹ́ ẹṣin," ni Ẹlẹ́kún wí.

Ìyá Olóhùn jókòó. Ó tẹ lẹ́tà, ó tóbi. Ó tún un tẹ̀, títí tó fi ku ọ̀rọ̀ méjì péré lójú ẹ̀rọ. Ó wá gbé e sókè, ó yí i sí wọn, wọ́n sì rí i kedere láti ìdí tábìlì wọn nínú ooru yẹn.

"Ó sín!" ni gbogbo wọn kà pọ̀, ohùn Màdáámù ló sì ròkè jù.