Ìrù Orúkọ

Lọ́dún 1979, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀jọ́ ṣèlérí pé bí ètò ìṣirò tí Mùsítúrà ń kọ sínú kọ̀ǹpútà wọn bá ṣiṣẹ́, àwọn yóò gbà á síṣẹ́ pátápátá. Odindi ìgbà òjò ló fi kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó fi lẹ́tà o ṣe ìrù orúkọ fáìlì tó kọ ọ́ sí.

Bùrọ̀dá Sàká, ọ̀gá rẹ̀, kò mọ̀. Fáìlì àtijọ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ìrù tirẹ̀ jẹ́ c, ló ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ sí èdè tó yé e.

“Ta ló ní kí o fi o sí i, aláṣejù?”

“Ẹ má bínú, Bùrọ̀dá. Mo rò pé iṣẹ́ tó ti parí là ń fi o sí.”

“Èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ parí ni! Ìrù yẹn nìkan ló ń wò. Tó bá rí c, á mọ̀ pé tútù ni, á sè é, á wá gbé èyí tó jinná sínú o. Ti àtijọ́ ló sè, orí tìẹ ló sì dà á lé, tìẹ ti pa rẹ́.”

“Ṣé a ò lè rí tèmi yọ ni?”

“Ẹ̀pa ò bóró mọ́, Mùsí.”

Nígbà tó fi máa dé Okokomaiko, ìyá rẹ̀ ti pa adìẹ, ó sì ti ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé kejì.