Ta Ló Ba Epo Bọ́ọ̀sì Wa Jẹ́?

Bọ́ọ̀sì wa kú sí ìdajì òkè ní àárọ̀ Fúráìdé kan nínú oṣù kìn-ín-ní, èmi àti ìdí ńlá mi sì wà nínú rẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun, ó dákẹ́. Yìnyín ń já bọ́. Àwa arúgbó méje sọ̀kalẹ̀, a rí bí adìẹ tí òjò pa, a sì ń wo ẹnu awakọ̀.

Ó ní, “Asẹ́ epo ló dí. Nǹkan funfun kan ló dì sí i.”

Mo ní, “Ẹnìkan ló ba epo yẹn jẹ́.” Àní láti ibẹ̀ yẹn ni mo ti mọ ẹni náà. Ọ̀gbẹ́ni Nukui ni.

Bọ́ọ̀sì wa kì í mu epo tí mọ́tò yòókù ń mu. Epo tí a ti fi dín nǹkan nílé ni oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá dín ẹja àti ẹ̀fọ́ tán, a kì í da epo rẹ̀ nù mọ́, inú agolo ńlá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àdúgbò là ń rọ ọ́ sí. Ọ̀gbẹ́ni Nukui, tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan létí adágún Biwa, á wá kó o ní Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á sì sọ ọ́ di dísù. Ìjọba ìlú ló ra bọ́ọ̀sì, àwọn ló ń sanwó awakọ̀. Ìgbà ìrúwé tó kọjá la bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé: ìjọba, oníṣòwò, àti àdúgbò. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí ẹni mẹ́ta jọ sè, bí iyọ̀ bá pọ̀ jù níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ní òun lòun bù ú.

Orí òkè yẹn ni ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó wà, ibẹ̀ ni Genzo ọkọ mi wà. Ó ti gbàgbé ojú mi. Bí mo bá wọlé, á kí mi bí ẹni kí àlejò. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbé koroke méjì lọ fún un ní gbogbo Fúráìdé, ọ̀dùnkún gígún tí mo yí ní búrẹ́dì lílọ̀ tí mo sì dín. Bó bá ti gé e jẹ báyìí, á di ojú, á ní, “Tomie ló dín èyí.” Èmi ni Tomie o! Kò mọ èmi tó jókòó tì í, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ mi. Orúnkún mi kò sì lè gun òkè yẹn láéláé. Bí kò bá sí bọ́ọ̀sì mọ́, Genzo lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Arita, ọmọbìnrin tó ń ṣojú ìjọba ìlú, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta koroke. Ó tẹríba, ó ní, “Màmá, ìpàdé máa wà ní Tọ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí a kò bá rí ohun tó ba epo jẹ́, àwọn ọ̀gá mi máa fòpin sí àdéhùn. Kò ní sí bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yẹn mọ́.”

Mo ní, “Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Nukui.”

Ẹ gbọ́ ná, mo ní ìdí. Èwo ni ti ọkùnrin tó ń wọ ìbọ̀wọ́ funfun kó epo ìdọ̀tí? Ó ń tẹríba jù, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà rẹ̀. Bó bá ṣí agolo, á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ bí ajá tó ń wá ẹran. Ó tún ra ọkọ̀ tuntun. Mo ní ó ń ta epo wa tó dáa fún ẹlòmíràn, ó ń fi pàǹtírí dí i fún wa.

Ní Sátidé, èmi àti Fusae, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta tófù, lọ ṣọ́ ọ, a sá pamọ́ sẹ́yìn ahéré tí wọ́n ń kó bébà àlòkù sí, nítòsí agolo epo. Fusae rí pẹ́lẹ́bẹ́ bí pátákó. Èmi ńkọ́?

Ó fà mí láṣọ, ó ní, “Tomie, fa ìdí ẹ wọlé, ó ti bọ́ sójú títì.”

“Ìwọ tí o ò ní ìdí, kí lo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀? Dákẹ́, ó ti dé.”

Nukui ṣí agolo. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó yọ ìgò kékeré kan lápò, ó bu epo wa sí i, ó sì tì í bọ àyà aṣọ rẹ̀.

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún Fusae. “O rí i? Olè!”

“Ìgò kékeré yẹn? Kí ló fẹ́ fi dín, kòkòrò?”

“Kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.”

Ní Tọ́sìdé, gbọ̀ngàn kún. Fọ́tò mi wà lára ògiri, irú èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì: èmi, ìgò epo lọ́wọ́, mo la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lómi. Èmi ni wọ́n yà torí kò sẹ́ni tí epo rẹ̀ pọ̀ tó tèmi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń dín koroke ní ìdí ibùdókọ̀ ojú irin. Arita gbé ìwé òpin àdéhùn ka orí tábìlì, òǹtẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo dìde. “Ọ̀gbẹ́ni Nukui, kí lẹ kì bọ àyà yín ní Sátidé?”

Gbogbo ojú yí sí i. Ó tẹríba, ó sì to ìgò mẹ́rin sórí tábìlì. Ó ní, “Àdúgbò mẹ́rin ni mo ń kó epo wọn. Mo bu díẹ̀díẹ̀, mo gbé e síta nínú òtútù.”

Mẹ́ta pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìkẹrin funfun bí àbẹ́là. Tiwa ni.

Ó ní, “Ọ̀rá ẹran ni. Ìwé òfin wa sọ pé epo inú irúgbìn nìkan. Ọ̀rá kì í hàn nígbà ooru, òtútù ló ń tú u fó.”

Ariwo sọ. Wọ́n ń wo alápatà, alápatà ń wo onínúúdù, onínúúdù ń wo òkè àjà. Fusae gba ìgò náà, ó yí i lọ́wọ́ títí ó fi yọ́ díẹ̀, ó gbé e símú.

Ó ní, “Òórùn yìí dùn o. Ó ń rùn bíi koroke.”

Mo jókòó padà.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi, ó ti ilẹ̀kùn kó tó sọ ọ́: bí epo bá gbóná, sọ ègé ọ̀rá màlúù sí i, èyí tí alápatà ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá béèrè, màá ní, “Epo irúgbìn àti ọwọ́ tó dáa ni.” Mo ka ìwé òfin náà, mo tiẹ̀ kà á sókè fún àwọn ẹlòmíràn! Ṣùgbọ́n lójú tèmi, èyí kì í ṣe ọ̀rá. Adùn ni. Láti inú ìkòkò gbígbóná ni mo sì ń gbé e lọ sínú agolo, n kò rí i kó dì rí.

Arita mú òǹtẹ̀. Bí mo bá panu mọ́, Nukui ló máa jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sí bọ́ọ̀sì mọ́.

Mo ní, “Ọmọ mi, gbé òǹtẹ̀ yẹn sílẹ̀. Èmi ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Fusae kò rẹ́rìn-ín.

“Ogójì ọdún! Ogójì ọdún ni mo fi ra epo irúgbìn, tí mo ń dín koroke bíi bàtà, tí o ń sọ pé ọwọ́ mi ni kò dáa!”

“Ọwọ́ ẹ náà kò kúkú dáa.”

Mo tẹríba fún Nukui, orúnkún mi dún kó. Ó ní, “Màmá, òórùn yẹn ti jẹ́ kí n fura sí yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò yín ló wà lára bọ́ọ̀sì, mo ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin. Ní Sátidé tí mo wá rí ìdí yín lẹ́yìn ahéré, mo ní, ó dáa, ẹni tó jẹ̀bi ló ń sá pamọ́.”

Wọ́n fọ asẹ́, Arita fa ìwé ya. Láti ìgbà náà, epo irúgbìn nìkan ni mo fi ń dín ọjà. Àwọn oníbàárà ń jẹ ẹ́, wọ́n ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Mo gbé irú rẹ̀ lọ fún Genzo ní Fúráìdé àkọ́kọ́. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e sílẹ̀. “Tomie kọ́ ló dín èyí.”

Ni mo bá ra páànù kékeré kan, méjì tirẹ̀ nìkan ni mo ń fi ọ̀rá dín nínú rẹ̀. Epo ibẹ̀, mo máa ń bu ìyẹ̀fun tó ń mú un dì sí i, mo sì ń kó o dà sínú ìdọ̀tí. Agolo kò gbọdọ̀ rí i.

Ní Fúráìdé tó kọjá, bọ́ọ̀sì gun òkè láìwúkọ́. Genzo gé koroke, ó di ojú.

“Tomie ló dín èyí.” Ó ṣíjú, ó wò mí tìfura-tìfura láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ obìnrin yìí, ibo lo ti rí i? Ṣé o jí i nílé Tomie ni?”

Mo ní, “Mo jí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un.”

Ó ronú díẹ̀, ó sì fa èkejì mọ́ra.