Èyí Tí Yóò Rọrùn fún Ọ

"Má tẹ nǹkan kan," Akínọlá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kọ́kọ́ kà á fún mi ná."

Moyọ̀sọ́lá, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí àpótí, ó ka ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ tó dúdú kirimù. Àmì kékeré kan ń ṣẹ́jú lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń retí èsì. Akínọlá mi orí. Ó ní òun ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa já sí.

Láti Yàbá ni Moyọ̀sọ́lá ti gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ilé wọn ní Muṣin lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Ó fi aṣọ ìnura wé e, ó sì gbé e lé itan nínú kẹ̀kẹ́. Kọ̀ǹpútà yìí ni olórí gbogbo èyí tó wà ní yàrá tí Akínọlá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ètò mẹ́ta tó ń darí kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀: ó ní Windows tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ oníbàárà, ó ní Linux tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, ó sì tún ní Linux mìíràn tí Akínọlá fi ń wá fáìlì tó bá sọnù. Bí wọ́n bá ti tan án, ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní búùtlódà ló máa ń kọ́kọ́ jí, á to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, á sì ní kí èèyàn mú èyí tó fẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́ ni iná lọ. Láti ìgbà náà, kò to nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Ká ní ara Akínọlá yá ni, iṣẹ́ kékeré ni. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ti wú, ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ, kò sì lè gbé e lé bọ́tìnì kó má gbọ̀n. Àwọn dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ìyá wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu sọ ohun tí àwọn dókítà sọ. Bí àlejò bá dé, ara rẹ̀ ti ń yá ni wọ́n máa ń wí. Moyọ̀sọ́lá, tó ń bójú tó yàrá ẹ̀kọ́ náà láti ìgbà tí àìsàn ti dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wó, kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kó má fi "tí Bọ̀dá mi bá padà dé" kún un.

Akínọlá rọra ṣàlàyé fún un pé ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè tún búùtlódà ti tẹ́lẹ̀ ṣe, èyí tó ń jẹ́ Grub. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣe bó ṣe fẹ́, àmọ́ bó bá bàjẹ́, ẹni tó mọ àṣẹ rẹ̀ í kọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Èkejì ń jẹ́ rEFInd, ó wà nínú fúláàṣì tó wà nínú dúróọ̀ rẹ̀. Ìyẹn kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan. Fúnra rẹ̀ ló ń wá gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà rí, á sì fi àwòrán wọn hàn.

"Ti tẹ́lẹ̀ ni ká tún ṣe," Moyọ̀sọ́lá wí. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ó ti mọ́ wa lára."

"Tó bá tún bàjẹ́ ńkọ́?"

"Màá pè yín."

Akínọlá ń wò ó títí ó fi gbé ojú sílẹ̀. Nínú pálọ̀, ìyá wọn ń kọ orin ìsìn lábẹ́lẹ̀.

"Moyọ̀," ó wí, "ta lo máa pè?"

Moyọ̀sọ́lá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Akínọlá ní òun kò sọ ọ́ kó lè máa sunkún. Ó ní lánàá, òun ń bá ìyá àwọn sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa sin òun sí, àdúrà ni wọ́n fi bo òun lẹ́nu. Àkàngbé ọ̀rẹ́ òun wá, ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó ń bọ̀ ló ń sọ títí tó fi lọ.

"Gbogbo yín lẹ fi mí sílẹ̀," ó wí. "Èmi nìkan ni mò ń kú nínú ilé yìí."

Moyọ̀sọ́lá dìde lọ sójú fèrèsé. Àwọn mẹkáníìkì ń lu irin níta, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú èyí tó rọrùn, òun ti gbà nìyẹn pé Bọ̀dá òun kò ní padà dé mọ́. Ó dúró níbẹ̀ títí omi ojú rẹ̀ fi dá díẹ̀. Ó wá fa dúróọ̀, ó mú fúláàṣì náà, ó tì í bọ inú kọ̀ǹpútà.

"Èyí tó ní àwòrán ni ká fi sí i," ó wí. "Mi ò mọ Grub tún ṣe. Tí ẹ ò bá sí mọ́, kò sẹ́ni tí màá pè."

Akínọlá di ojú, omijé ṣàn láti ojú rẹ̀ lọ sí etí. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó máa tẹ̀ fún un, ó ń dúró mí, ó tún ń bá a lọ. Nígbà tí àwọn àwòrán náà yọ, Moyọ̀sọ́lá yí kọ̀ǹpútà sí i kó lè rí i. Akínọlá ní ó dára. Ó ní kó yọ àwòrán Linux tòun tó fi ń wá fáìlì kúrò, kó má baà máa da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. Moyọ̀sọ́lá ní òun kò ní yọ ọ́.

Ó pa kọ̀ǹpútà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Níbo lẹ fẹ́ ká sin yín sí?"

"Kì í ṣe ìlú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́," Akínọlá wí. "Èkó níbí ni. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí Màámi mọ̀."

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé ìyá wọn ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ife ògì lọ́wọ́. Moyọ̀sọ́lá rò pé yóò figbe àdúrà ta. Màmá gbé ife náà sílẹ̀, ó fa àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì jókòó.

"Máa wí, Àkànní," ó fi oríkì pe Akínọlá. "Mò ń gbọ́."