Olorì Bẹ́ǹṣì

Kóòṣì kẹta ló dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ti wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti yin ọmọ náà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu wọn. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ. Bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá tọrọ ọmọ fún o. Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọlé ìyá rẹ̀. Òpó ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Ìyá Òpó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, téèpù lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lẹ́nu, nígbà tí ọkùnrin náà kanlẹ̀kùn. Ó gbójú sókè, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Irun orí ọkùnrin náà ti funfun báláú, ó sì ń tiro díẹ̀, àmọ́ fèrè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kò mú un kúrò níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fèrè ni. Kóòṣì tirẹ̀ gan-an, nígbà tí òun náà wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Èmi ni kóòṣì àwọn obìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì orí òkè. Nítorí ọmọ yín ni mo ṣe wá."

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó."

Ó kó aṣọ oníbàárà kúrò lórí àga fún un, ó ń wojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ omi tó fẹ́ hó. Rárá. Ọkùnrin náà kò dá a mọ̀ rárá.

Òun kò sì gbàgbé nǹkan kan. Gbọ̀ngàn ìṣeré ìgbà náà wà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé àná ni: òórùn ọṣẹ àti pákó, bí bàtà wọn ṣe máa ń han lórí ilẹ̀ dídán. Kóòṣì ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kúnlẹ̀ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú lórí ilẹ̀ tí mo nù, kó lọ bi ẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè." Ọdún tí wọ́n pàdánù àṣekágbá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó yá ó ní kí dírẹ́bà dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó ra búrẹ́dì, ó ń bù ú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹyẹ tó ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

Àmọ́ ká sòótọ́, kò fi í sínú eré. Kó tó gbà á sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó jókòó ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé báyìí, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín á gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ mi." Ọdún mẹ́rin gbáko, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ló gbá. Ìyókù, orí bẹ́ǹṣì ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í joyè, Olorì Bẹ́ǹṣì. Wọ́n á ní, "Olorì, ẹ bá wa gbé omi wá, ẹ rọra o, kí adé má já bọ́." Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wá wòran lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó títí eré fi parí, wọn ò pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Lọ́nà ilé, gbogbo ohun tí ìyá náà rí sọ ni, "Jẹsí yẹn mà yẹ ọ́ o."

Kóòṣì ti ń sọ tirẹ̀ lọ. Ó ní òun ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ó ku mẹ́rin kí òun fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ tí òun bá gbà báyìí ni òun máa fi kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. "Àbíkẹ́yìn mi ni wọ́n," ó wí.

"Kóòṣì, gbọ̀ngàn yín tó ń jò nígbà kan, ṣé wọ́n ti tún òrùlé ẹ̀ ṣe?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà! Ta ló sọ fún yín? Korobá mẹ́fà la gbé sílẹ̀ lásìkò òjò ọdún yẹn! Mo ní káwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù yí wọn ká, mo ní korobá ni alátakò..."

"Ẹ ní èyí tó wà láàárín ló le jù, torí kì í rẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín Kóòṣì dúró.

"Èmi ni nọ́ńbà mẹ́tàlá, sà. Lọ́dún korobá."

Ó wò ó. Ó tún wò ó, bí àgbàlagbà tó ń wá ojú kan láàárín ẹgbẹ̀rún ojú. Ìyá Òpó rí i tí irọ́ dé ètè rẹ̀, ó sì rí i tó gbé e mì.

"Mi ò rántí yín," ó wí. "Ẹ má bínú."

"Ẹ rántí korobá, ẹ ò rántí mi!"

"Ojú ń tì mí. Àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn."

Ìyá Òpó tún jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ó dáa. Àwọn méjì tó wá ṣáájú yín ti ṣèlérí pé Òpó á máa wọlé gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mi ò ní ṣèlérí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, kò síyàá tí mi ò ṣèlérí fún. Ọmọ méjìlá ló ń wọ jẹsí, márùn-ún ló ń wọlé. Ibo ni kí n kó méje yòókù sí?"

"Orí bẹ́ǹṣì, àbí ibo!"

Ìbínú ló gbé e dìde. Lẹ́yìnkùlé, Òpó ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀ onírin tí ìyá rẹ̀ kàn mọ́ ògiri nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ náà ní bọ́ọ̀lù jíjù. Ó já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọmọ.

"Kóòṣì, ẹ wá wo nǹkan tí ẹ jẹ́ kí eruku bò fọ́dún mẹ́rin!"

Ó jù ú. Bọ́ọ̀lù lu irin gbàn-ín, ó fò lọ sábẹ́ okùn ìsáṣọ.

"Yéè, Màmá! Ẹ ti dójú tì wá!"

Kóòṣì kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ apá rẹ̀ bíi dókítà. "Ìgúnpá rẹ," ó wí, bí ẹni ń bá ọmọ ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ó ń yà síta bí apá adìẹ. Fà á wọlé. Jẹ́ kó wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù. Orúnkún ni kó o fi tì í, má fi èjìká. Ẹn-ẹ́n. Tún un jù."

Òpó sáré gbé bọ́ọ̀lù wá fún ìyá rẹ̀, ìyá tún un jù. Bọ́ọ̀lù wọlé wẹ́rẹ́, kò kan irin, ó sì yí lọ sábẹ́ okùn ìsáṣọ.

"Màmá, bí ìgúnpá tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn," Òpó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn méjì yẹn ò rí i. Wọ́n ṣáà ń sọ pé mo ga."

Ìyá Òpó wo ìgúnpá ara rẹ̀. Nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Lọ́dún mẹ́rin yẹn, ọkùnrin yìí kò dúró tì í báyìí rí. Òdìkejì gbọ̀ngàn ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn márùn-ún tó ń wọlé, àwọn yòókù á máa jù ú bó ṣe bá ọwọ́ wọn mu. Ìyẹn ló ti ń dùn ún látọjọ́ yìí, tó ń pè é ní bẹ́ǹṣì.

"Kóòṣì, ẹ gbọ́. Tó bá jẹ́ orí bẹ́ǹṣì ló máa wà, kó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ máa dúró tì í báyìí. Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà ní ìgúnpá."

Ọkùnrin náà tẹrí ba. "Ìyẹn, mo lè ṣèlérí ẹ̀."

"Òpó, kí lo wí?"

Òpó kò gbọ́. Ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láìsí bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó ń fa ìgúnpá wọlé, ó ń nà án, ó tún ń fà á wọlé. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó gba ìwé àdéhùn tí Kóòṣì mú wá, ó gbé e lé ògiri, ó fọwọ́ sí i.

Kóòṣì ká ìwé náà sápò. Kò lọ. Ó tiro lọ sábẹ́ okùn ìsáṣọ, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó sọ ọ́ sí ìyá, kì í ṣe sí ọmọ. "Láti igun ọ̀hún," ó wí.

Ibẹ̀ ni oníbàárà kan bá wọn. Ó ti kanlẹ̀kùn iwájú títí, kò rẹ́ni dá a lóhùn, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ó bá télọ̀ rẹ̀ tó ń làágùn, téèpù ń jù fìrìfìrì lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyá Òpó! Kí lẹ̀ ń ṣe? Aṣọ mi ńkọ́?"

"Ẹ ṣe sùúrù," Ìyá Òpó wí, kò wẹ̀yìn. "Mo wà nínú eré."