Ìbaaka Inú Àgbàlá Wa

Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbọ́ orin yìí ná, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ ìtàn náà kí n má kọ ọ́:

Ó ń rìn, ó ń mí, ó ń jẹun,
Ó ń dàgbà, ó ń yàgbẹ́,
Bí o bá fọwọ́ kàn án, á mọ̀,
Á sì bí irú ara rẹ̀.
Abẹ̀mí ni, abẹ̀mí ni, ẹ wò ó!

Tíṣà kan ló fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ilé ìwé tí mo ti ń gbálẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ibi ìgbẹ́ yẹn, gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, tíṣà á fi rúlà gbá tábìlì, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Èmi á wà lẹ́yìn fèrèsé, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, n ó máa jó díẹ̀díẹ̀. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan; wọ́n yọ mí nílé ìwé kí n wá máa pọn àbúrò. Ṣùgbọ́n orin? Orin kì í bá mi níta kó má bá mi wọlé.

Tíṣà yìí, ọmọdébìnrin tí ṣọ́ọ̀kì kì í kúrò nínú irun rẹ̀, mọ nǹkan í tò. Lọ́jọ́ kan ó to òkúta, ẹ̀wà, òkú labalábá àti àbẹ́là tó ń jó sórí tábìlì, ó ní kí àwọn ọmọ mú èyí tó lẹ́mìí jáde. Ọmọ kan mú àbẹ́là. Ó ní ó ń jẹun, ó ń mira, tí èèyàn bá sì bò ó, èémí á há a, á kú. Ariwo sọ! Tíṣà ní ẹ̀wà tó sùn kalẹ̀ yẹn gan-an ló lẹ́mìí, pé omi ló ń dúró dè. Ẹnu yà mí. Ẹ̀wà tí mo ti ń sè látìgbà tí mo ti gbọ́n! Lọ́jọ́ mìíràn ó ní àdán kì í ṣe ẹyẹ, pé ọmú ló ń fún ọmọ rẹ̀, nítorí náà agbo tiwa ló wà, òun, màlúù, àti àbùùbùtán inú òkun. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ tó sọnù.

Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ni mo máa ń gbé délé. Àgbàlá wa kò tóbi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Màmá Àgbà, ló ni yàrá iwájú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Wáyà nítorí iṣẹ́ iná tó ń ṣe, wà ní yàrá àárín pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, aránṣọ. Èmi, Màmá Kékeré, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Àwọn ayálégbé àti ọmọ wọn ló kún ẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ tí Wáyà àti aránṣọ ti ṣègbéyàwó, kò tíì sí ọmọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀gún wà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń ṣa ẹ̀wà níta, mo kọ orin náà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe dúró lójijì.

"Tún ìyẹn kọ."

"Èwo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí tó sọ pé á bí irú ara rẹ̀ yẹn."

Mo kọ ọ́. Ó yíjú sí yàrá àárín, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń dún gàràgàrà. Ó ní, "Tíṣà yín mà mọ̀wé o."

Láti ìgbà náà, bí aránṣọ bá gbé báàkẹ́ẹ̀tì kọjá, ẹ̀gbọ́n mi á rọra gbé ohùn sókè: Á sì bí irú ara rẹ̀. Ìlà yẹn nìkan. Kò rántí ìyókù mọ́. Bí aláǹgbá bá sá kọjá lára ògiri, á nàka sí i.

"Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń tẹ̀ lé e! Aláǹgbá o, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ níṣu lọ́kà!"

Àwọn ayálégbé á rẹ́rìn-ín. Wáyà á jókòó lórí bẹ́ǹṣì, á máa tayín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orin ọmọdé ni o," mo ní.

"Ṣé mi ò lè kọrin nínú ilé tí ọkọ mi kọ́ ni?"

Aránṣọ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún. Abẹ́rẹ́ olórí kún àyà bùláùsì rẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá Kékeré, ẹ bá mi bi tíṣà yín. Ohun tí kò bá bímọ, ṣé kò sí láàyè ni?"

"Ìwọ náà! Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ ṣáà bá mi bi í, mà. Ìdáhùn ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ àánú."

Mo bi tíṣà nígbà tí àwọn ọmọ wà níta tí wọ́n ń ṣeré. Ó gbọn ṣọ́ọ̀kì dànù lọ́wọ́.

"Rárá o, màmá! Àmì yẹn, gbogbo ẹ̀yà náà lápapọ̀ ló ni ín, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ rí àwọn oyin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń ṣe afárá? Àwọn kọ́ ló ń bímọ. Ìbaaka náà ńkọ́? Bàbá rẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìyá rẹ̀ ẹṣin. Kì í bí, ṣùgbọ́n ó lágbára, ó ń ru ẹrù tí bàbá rẹ̀ kò lè gbé. Ta ló máa ní kò sí láàyè?"

Áà, inú mi dùn! Mo sáré délé bí ẹni tí wọ́n dá láre ní kóòtù. Gbogbo wọn wà níta. N kò tilẹ̀ jókòó, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wí, oyin lápá ọ̀tún, ìbaaka lápá òsì. Aránṣọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, mo rí i tí ojú rẹ̀ ń túká.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi dópin. Ó fara balẹ̀. Oyin wà níbẹ̀ tó lè mú, ìbaaka ló mú.

"Ó ṣeun," ó ní. "A ò tíì mọ ibi tá a máa tò ó sí tẹ́lẹ̀. Ìbaaka ni."

Ẹ̀rín tó sọ nínú àgbàlá yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ayálégbé kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. "Àǹtí Ìbaaka, bọ́tìnì mi já." Á rán an fún wọn. Ó máa ń wo ojú wọn kó tó dáhùn, nígbà tó bá rí i pé kò sí ìkà níbẹ̀, á gba ẹ̀wù náà.

Mo ní kí n bá ẹ̀gbọ́n mi jà. Aránṣọ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá Àgbà lè máa pè mí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹnì kan ni mò ń wò. Kí ó kàn ní, 'Ẹ má pe ìyàwó mi bẹ́ẹ̀ mọ́.' Bó bá sọ ọ́, mo dúró. Bí kò bá sọ ọ́, mo mọ̀nà."

"Á sọ ọ́. Ọmọ tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n ni. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ ni."

"Ẹ ṣé, mà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

Ó wá ku òun àti ọkọ rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, gbogbo wa jókòó ti oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìbaaka, bu omi wá fún ọkọ rẹ." Ṣíbí dúró lọ́wọ́ gbogbo wa. Aránṣọ bu omi wá, ó gbé e síwájú Wáyà, kò sì fi ife náà sílẹ̀. Ó dì í mú, ó ń wò ó lójú. Mo fi ẹsẹ̀ ta ẹsẹ̀ Wáyà lábẹ́ tábìlì. Ó sún ẹsẹ̀ kúrò. Ó fa ife náà gbà, ó mu omi.

Síbẹ̀ aránṣọ kò lọ. Ó fún un láyè sí i. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kò pẹ́ sí i, Wáyà ti ibi iṣẹ́ dé, òógùn bò ó, wọ́n ti fi iṣẹ́ bí i nínú. Ilẹ̀kùn yàrá wọn wà ní títì. Inú yàrá mi ni aránṣọ wà, ó ń wọn apá mi fún ẹ̀wù. Wáyà lu ilẹ̀kùn, ó tún un lù, ló bá pariwo:

"Ìbaaka! Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Òun fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó pe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ lọ́jọ́ ìkómọ.

Aránṣọ ká téèpù rẹ̀ kúrò lápá mi. Ó jáde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó fà á lọ́wọ́ wá síta gbangba.

"Àwàdà ni," Wáyà ní. "Ó kàn yọ lẹ́nu mi ni. Ṣé torí ìyẹn náà?"

"Ẹ wá o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to nǹkan! Ẹ bá mi to eléyìí. Ó ń rìn. Ó ń mí. Ẹ ń rí i bó ṣe ń jẹun. Mo ti fọwọ́ kàn án títí, kò mọ̀. Ibo lẹ máa fi í sí?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O ń sọ̀rọ̀ sí ọkọ rẹ bẹ́ẹ̀?"

"Mo ti sọ ọ́ tán, mà."

Ó pe ọlọ́kadà kan láti ìta, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Wáyà wá bá wọn so okùn. Ó so ó dáadáa, ó fà á wò kó má já. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe, n kò purọ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi. "Ìwọ lo gbé orin wọ ilé."

"Orin ni mo gbé wọlé," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ fi ṣe ẹgba."

Láti ìgbà yẹn, ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ nìkan ló kù láàárín wa.

Mo wá aránṣọ títí mo fi rí i, ní yàrá kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, iṣẹ́ kún iwájú rẹ̀ dé òrùlé. Mo gbé aṣọ lọ́wọ́, kó má baà dà bí pé mo wá bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe yẹ. Ó fún mi ní àga. Mo sọ pé Wáyà ti rù, pé ó ń bèèrè rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ olórí sáàárín ètè, n kò mọ̀ bóyá torí kó má baà dáhùn ni.

Obìnrin kan tó ń gbé yàrá kejì yọjú. Ó wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹ káàbọ̀, mà. Aránṣọ, ṣé ìyá yín ni?"

Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Rárá," ó ní, láìbínú. "Oníbàárà mi ni."

Ó ní kí n dìde. Mo gbé apá mi sókè, ó wọ̀n mí.