Ọ̀kan Gbọ́dọ̀ Ṣẹ́kù

1.

…kì í ṣe méjì, kì í ṣe mẹ́rin. Ilé ìjọsìn kan, tàbí mẹ́ta, tàbí márùn-ún. Bí o bá pín in sí méjì, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Bí gbogbo Nápólì ṣe ń rin ìrìn Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dúró lórí iye tó dọ́gba, àgbákò ló ń wá.

Lẹ́yìn ìrìn, ọbẹ̀ kótsè, ẹran inú ìkarahun dúdú òkun.

Lọ́dún yìí, nídìí ọbẹ̀, ìyá wa yóò dáhùn: ṣé yóò bá ẹ̀gbọ́n mi lọ máa gbé ní Tórínò, àbí yóò dúró tì mí?

3.

Àtẹ̀jíṣẹ́ Sabatino, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, láti inú ọkọ̀ ojú irin:

*Agnese, mo ti gbéra. Mo ti kun yàrá tí Màmá máa gbé. Ó ní fèrèsé. Jọ̀ọ́, má bá wọn sọ nǹkan kan kí n tó dé.*

Ìdáhùn mi:

*Ẹ káàbọ̀ o, Bọ̀dá.*

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, tí mo sì pa rẹ́:

*Yàrá wọn níbí náà ní fèrèsé.*

5.

Ilé ìjọsìn kìíní, Sántà Kíárà. Wọ́n to àlìkámà síwájú pẹpẹ, èyí tí wọ́n mú hù nínú òkùnkùn. Kò rí oòrùn rí. Ó funfun bí irun arúgbó.

MÀMÁ: Èyí náà ni wọ́n ń gbé jáde? Tèmi tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ga jù ú lọ.

SABATINO: Màmá, ẹ̀ ń gbin nǹkan sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì?

MÀMÁ: Níbo ni kí n gbìn ín sí? Òkè bẹ́ẹ̀dì ni, níbi àyè bàbá yín?

ÈMI: Màmá, inú ilé Ọlọ́run la wà o.

MÀMÁ: Ọlọ́run mọ bàbá yín dáadáa.

7.

Ilé ìjọsìn kejì. A sùn nínú rẹ̀ lọ́dún tí ilẹ̀ mì, 1980. Ọjọ́ Àìkú ni, nínú oṣù kọkànlá. Bàbá ti kú lọ́dún tó ṣáájú.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, ènìyàn mẹ́ta. Màmá sùn sáàárín. Apá òsì rẹ̀ jẹ́ tèmi, apá ọ̀tún jẹ́ ti Sabatino. Bùláńkẹ́ẹ̀tì náà kò dé ẹsẹ̀ mi.

Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ mí kúrò nílé ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìbọ̀wọ́ kí Sabatino lè máa kàwé lọ. Mo dàgbà kí n tó padà kàwé tèmi, lálẹ́, tòun ti ọwọ́ tó ń rùn fún gáàmù.

Mo rántí gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. Ohun tí n kò rántí ni ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn.

A rẹ́rìn-ín ṣá.

9.

Ilé ìjọsìn kẹta. Àwọn birikilà ti fi àkàbà àti ọ̀rá bo iwájú rẹ̀. Ìkìlọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà:

Ẹ MÁ ṢE JẸUN NÍNÚ ILÉ OLÚWA.

Ẹ MÁ ṢE YA FỌ́TÒ.

ẸNU Ọ̀NÀ KEJÌ WÀ LẸ́YÌN.

11.

Níta, a ra tarállò, òrùka àkàrà líle tó kún fún ata dúdú. À ń rìn, à ń jẹ. Òpópónà kún fọ́fọ́. Èrò ń tì wá, a sì ń bá wọn yà síbi tí wọ́n bá yà sí.

SABATINO: Kò sẹ́ni tó mọ èyí ṣe ní Tórínò.

MÀMÁ: Kí wá ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe?

SABATINO: Ṣokoléètì, Màmá.

MÀMÁ: Eyín wo ni màá fi jẹ ẹ́?

SABATINO: Ṣebí ẹ̀ ń fi eyín fọ́ òkúta lẹ́nu báyìí!

MÀMÁ: Eyín yìí mọ ilé ni.

13.

Ẹ̀kẹrin, ní Òpópónà Àwọn Alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀karùn-ún, nítòsí ọjà ẹja. Ó pé.

15.

Pátákó iwájú ilé oúnjẹ Liborio:

LÓNÌÍ: ỌBẸ̀ KÓTSÈ

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ NǸKAN MÌÍRÀN, KÓ WÁ LỌ́LA

Búrẹ́dì gbígbẹ wà nísàlẹ̀, kótsè wà lórí rẹ̀, epo ata pupa sì bo gbogbo rẹ̀. Lọ́dún àrùn onígbáméjì, 1973, wọ́n ní kótsè ló fà á, wọ́n sì ba oko rẹ̀ jẹ́ nínú òkun. Màmá ṣì ń rí tirẹ̀ jẹ níkọ̀kọ̀. Ó ní ebi náà ń pànìyàn.

17.

SABATINO: Màmá, a ti rìn, a ti jókòó. Ṣé ẹ̀ ń bá mi lọ?

MÀMÁ: Liborio! Ilé ìjọsìn táwọn birikilà bò lójú yẹn, ibo ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rẹ̀ já sí?

LIBORIO: Òpópónà Àwọn Alágbẹ̀dẹ ni, Màmá Ersilia.

SABATINO: Ẹ dúró ná. Ọ̀kan náà la wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

LIBORIO: Háà! Ọmọ Nápólì! Tórínò ti sọ ẹ́ dàlejò.

MÀMÁ: Mẹ́rin la lọ. N kì í dáhùn ọ̀rọ̀ lórí mẹ́rin.

SABATINO: Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn!

MÀMÁ: Mo ti darúgbó, ọmọ mi. Arúgbó a máa gbàgbé.

LIBORIO: Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì rántí ẹni tó bú yín kí wọ́n tó bí mi!

Èmi náà rí i ní ẹ̀kẹrin pé àlìkámà ti ẹ̀kẹta náà ni. Igi rẹ̀ kan ṣẹ́ láàárín. Mo ṣì kà á kún un.

Tàbí n kò rí i. Èrò pọ̀.

18.

Ilé ìjọsìn kékeré kan wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ dání.

OLÙTỌ́JÚ: Ẹnì kan péré. Ọbẹ̀ mi ń tutù nílé.

Màmá wọlé. Àwa méjì dúró síta.

SABATINO: Àwọ̀ ewé ni mo kun yàrá náà. Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀?

ÈMI: Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀.

SABATINO: Ó yẹ kí n ti bi ọ́.

ÈMI: Ó yẹ bẹ́ẹ̀, Bọ̀dá.

Màmá jáde. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

MÀMÁ: Tèmi ti pé márùn-ún. Mo ti rí ìdáhùn.

SABATINO: Ẹ sọ ọ́, Màmá.

MÀMÁ: Fún ta ni? Orí mẹ́rin lẹ̀yin méjèèjì ṣì wà. Ẹ lọ wá ọ̀kan kún un. Ẹ jọ lọ o. Ẹni tó bá dá padà wá, n kò ní bá a sọ̀rọ̀.

Ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Sabatino na apá sí mi. Mo wò ó fúngbà díẹ̀. Mo dì í mú.

A yà sọ́tùn-ún. Wọ́n ti ti ilé ìjọsìn ibẹ̀. A yà sósì. Ní òpin òpópónà, iná àbẹ́là ṣì ń tàn nínú ilé ìjọsìn kan, ẹnì kan sì ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé.

SABATINO: Agnese, sáré!